Àwọ̀ Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Mo tún gbọ́ ọ níbi òkú àgbà kan lọ́jọ́ Sátidé. Ilẹ̀ ti ṣú. Onífọ́tò wo ohun tó yà, ó mí kanlẹ̀, ó sọ fún àǹtí mi pé: “Ẹ má bínú o, Mà. Ẹ dúdú díẹ̀ ni. Ẹni dúdú kì í yọ lálẹ́.” Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fi pọ́dà kún ojú.

Ó tó gẹ́ẹ́!

Ohun tí wọ́n ń wí, bí a bá lè pè é ní ọ̀rọ̀, ni pé àwọ̀ wa ń gbé iná mì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kí adúláwọ̀ kúkú máa lọ sílé.

Ẹ mú òyìnbó tó funfun bí ẹfun, ẹ ní kó kẹ́yìn sí oòrùn tó ń wọ̀, kẹ́ ẹ yà á. Bí èédú ni yóò rí. Ṣé òun náà dúdú jù? Ojú ọ̀run ló mọ́lẹ̀ ju ojú ènìyàn lọ. Kámẹ́rà dín iná kù kí ọ̀run má baà funfun báláú, ojú ènìyàn sì bá a lọ. Ẹ ní kó yíjú sí oòrùn, ó parí.

Ibi tí irọ́ yìí ti wá ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ fíìmù Kodak fi ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù: àwòrán obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Shirley. Bí àwọ̀ Shirley bá ti jáde dáadáa, fọ́tò dára nìyẹn. Wọn ò ka tiwa mọ́ ọn. Ẹ sì mọ ariwo tó wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún fíìmù náà ṣe? Ti àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ni: ọjà wọn kò hàn dáadáa. Igi! Ìyá tó bí mi kò tó igi.

Ní 1963, ní Bamako ní Mali, onífọ́tò Malick Sidibé ya ọ̀dọ́ méjì tó ń jó lálẹ́ Kérésìmesì. Dúdú làwọn méjèèjì. Títí dòní, gbogbo ayé ń rí wọn.

Àwọn bàbá wa tí kò ní kámẹ́rà mọ̀ jù báyìí lọ. Adúmáadán ni wọ́n ń pe ẹni dúdú: ó dú, ó sì ń dán. Dídán yẹn ni kí ẹ wá. Ẹ jẹ́ kí iná gba ẹ̀gbẹ́ wá, kó fẹ̀, kó sún mọ́ni: ògiri funfun tí gílóòbù tàn sí, aṣọ funfun tí ẹnìkan nà dání. Ẹ ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ó rí ilà ojú pàápàá.

Ẹ̀yin onífláàṣì, ẹni tó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí fláàṣì yín, ìdá kan péré nínú mẹ́rin iná yẹn ló máa kàn án; ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àfi fóònù olówó ńlá, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ ní lé ògiri kó má gbọ̀n. Pọ́dà kì í ṣe iná.

Mo mú àǹtí mi lọ sídìí gílóòbù onísúyà níta. Mo fi ìka tẹ ojú wọn lórí fóònù mi tí gíláàsì rẹ̀ ti là, mo yà wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Onífọ́tò náà yọjú, ó bèèrè pé áàpù wo ni mo lò.