Àgbàfipamọ́ Ni Iṣẹ́ Olùtọ́jú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó kọ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, ni ó ń fẹ́ ṣe olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége. Èrò rere ni. Ọ̀fẹ́ ni ètò Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní ọdún 1991. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó láti fi kọ́ ọ nílé.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó. Ọwọ́ olùtọ́jú ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo wà: ó lè ka lẹ́tà ọ̀gá, ó sì lè wo owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 ń fìyà jẹ ẹni tí ó wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ. Ẹni tí a fún ní àṣẹ ńkọ́, bí ó bá ń tú àṣírí wò lóru? Ọlọ́hun ń rí i.

Nígbà tí Ànábì Yúsúfù bèèrè fún ìtọ́jú àwọn àká Íjíbítì, ohun méjì ni ó fi jẹ́rìí ara rẹ̀ nínú Súrà Yúsúfù, áyà 55: ìṣọ́ àti ìmọ̀. Ìṣọ́ ni ó ṣáájú. Nítorí náà, kí olùtọ́jú máa ṣe àdàkọ àkọsílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má ka ohun tí a kò ní kí ó kà; lọ́jọ́ tí ó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ padà.