Àjọ̀dún Ọjọ́ Sátidé àti Ọmọ Olómele

Ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí kan àwọn àjọ̀dún tí a ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé, èyí tí a ń pè ní ọjọ́ ìlú tàbí ọjọ́ àṣà, tí a sì ń kọ sínú ìwé ìpè pé kí tọkọtaya kó ọmọ wọn wá.

Kí a sọ òtítọ́: àwọn ọmọ ń wá, ṣùgbọ́n wọn kì í rí nǹkan kan ṣe. A ó ta àtíbàbà, àwọn ọlọ́lá ó jókòó síwájú, a ó máa pe orúkọ àti oyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni owó dídá yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlù yóò fi dún dáadáa, oòrùn ti ń wọ̀, ọmọ sì ti sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ní ọ̀kan nínú irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, tí a kò ní dárúkọ ibi tí a ti ṣe é, ojú wa ni a ṣe fi pàṣán lé ọmọdékùnrin kan kúrò ní iwájú pápá. Omele ni ó gbé kọ́ ọrùn. Baba rẹ̀ ni ó wá bá lùlù. Àga ọlọ́lá ni àwa jókòó sí lọ́jọ́ náà, a kò sì dìde.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kì í ṣe ìlú tí a lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìlú Àyàn ni. Láti ibẹ̀ ni Làmídì Àyánkúnlé ti lu bàtá dé Jámánì, nípa ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, òyìnbó tí ó ti gbé Ìlobùú àti Òṣogbo kí ó tó dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth ní 1981. Obìnrin Amẹ́ríkà kan, Debra Klein, wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn onílù Ẹ̀rìn, ó sì kọ odidi ìwé lórí bàtá wọn, tí a tẹ̀ jáde ní Chicago ní 1907 àti ọgọ́rùn-ún ọdún, èyíinì ni 2007. Àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó dé ibi tí ọmọ tiwa lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

A kì í ti inú ìwé kọ́ bàtá. Orí omele ni ọmọ onílù ti ń bẹ̀rẹ̀, tí baba rẹ̀ ń fi ọwọ́ lu ojú ńlá ìyáàlù, tí ó ń fi bílálà lu ojú kékeré, títí etí ọmọ yóò fi gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Òde àríyá ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kì í ṣe ti onílù pàápàá ní láti wà níbẹ̀, nítorí bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù mọ́, ta ni onílù yóò máa bá sọ̀rọ̀?

Àwọn ará ìjọ wa kan yóò bi wá pé, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ ha fẹ́ kí ọmọ onígbàgbọ́ jó ìlù Ṣàngó bí? A ti rò ó. Dáfídì ọba jó níwájú àpótí Olúwa, aya rẹ̀ ni ó kẹ́gàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílù Ẹ̀rìn ni ó sì jẹ́ ìmàle tí ń kírun.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi àjọ̀dún Notting Hill tí a ti ń ṣe ní ìgboro láti 1966, àwọn ọmọdé àti ìdílé ni a fi ọjọ́ Àìkú fún, kí ariwo àgbà tó gba ìgboro ní ọjọ́ Ajé. Kí ni ó dé tí àwa kò lè fi òwúrọ̀ Sátidé kan fún àwọn ọmọ wa, kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ jáde, kí a sì fi owó dídá sí ọjọ́ mìíràn?

Ohun kan tún wà. Ní 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ẹ̀rìn, Ìlobùú àti Ìfọ́n nítorí ìjà ilẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ìbọn. Onílù kì í mọ ààlà. Ibi tí a bá pè é sí ni í lọ. A bẹ ẹ̀yin olóyè ìlú mẹ́ta yìí pé kí ẹ ránṣẹ́ sí ara yín kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ tó dé, kí ọmọ Ìfọ́n àti ti Ìlobùú lè wá lu omele ní Ẹ̀rìn, kí ti Ẹ̀rìn náà sì lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwa yóò wá ní kùtùkùtù, ẹ̀yìn ni a ó sì jókòó sí.