Inú Ń Run, Ọkàn Ò Balẹ̀: Ẹ Yé Fi Kápúsù Ṣe Gúgúrú Létí Òkun Ìlàjẹ!

Ní Igbókòdá ni ọ̀pọ̀ ará Ìlàjẹ ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹrù tó ń bá wọn lọ pọ̀: ìrẹsì, kẹrosíìnì, omi inú ọ̀rá, àti kápúsù. Kápúsù yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ń yan ẹja tà létí òkun. Omi òjò inú dùrọ́ọ̀mù ló ń mu, torí iyọ̀ ti wọ omi tó yí i ká. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Aládùúgbò ní, "Ìyá, ẹ gbé Flagyl méjì mì, ẹ fi tetracycline kan tì í, á dá kíá." Ó dá lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé, ìyá tún gbé méjì mì. Nígbà tó yá, oorun ò kùn ún mọ́, àyà ń já a láìnídìí, ariwo ọmọ lásán ń bí i nínú. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Kí wọ́n tó ka ayé mọ́ ọn, ṣé wọ́n ti bi í léèrè ohun tó ń gbé mì?

Àìmọye kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń gbé inú ìfun èèyàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá, wọ́n ń bá wa da oúnjẹ ni. Okùn iṣan kan tí dókítà ń pè ní vagus sì ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ìfun bíi wáyà tẹlifóònù. Iṣẹ́ tí ikùn ń rán sí ọpọlọ lórí wáyà yìí pọ̀ ju èyí tí ọpọlọ ń rán sí ikùn lọ! Abájọ tí àwọn baba wa fi ń pe ayọ̀ ní inú dídùn, tí wọ́n ń pe ìbànújẹ́ ní inú tó bàjẹ́.

Ní 2004, Nobuyuki Sudo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan há eku tí kò ní kòkòrò kankan nínú mọ́ ibi tóóró. Èròjà ìpayà tó tú sẹ́jẹ̀ wọn ju ti àwọn eku yòókù lọ. Ní 2019, Jeroen Raes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belgium yẹ ìfun èèyàn 1,054 wò. Irú kòkòrò méjì kan ṣọ̀wọ́n lára àwọn tí àárẹ̀ ọkàn ń bá jà. Ṣé àìsí kòkòrò ló fa àárẹ̀ ni, àbí àárẹ̀ ló lé kòkòrò lọ? Ìwádìí náà ò lè sọ. Eku náà kì í sì í ṣèèyàn.

Ṣùgbọ́n ti Flagyl dájú. Kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń pa, irú wọn ló sì kún ìfun. Ó ń pa ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀tá.

Ẹni tó bá ní pupuru yóò wo àárẹ̀ ọkàn, irọ́ ló ń pa. Lóòótọ́, kòkòrò ló ń mú ẹ̀gẹ́ inú omi kan, àmọ́ iná tí wọ́n fi yan án àti omi gbígbóná tí wọ́n fi rò ó ti pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti ń jẹ ẹ́ wọlé láti ọdún pípẹ́. Ẹni tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ, kì í ṣe kòkòrò ìfun ló ni ẹjọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀. Kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí òkun, kí wọ́n sì fún wọn lómi gidi!

Ní ti ìgbẹ́ gbuuru, ẹ se omi kó hó kẹ́ ẹ tó mu ún. Ẹ gba omi iyọ̀ àti ṣúgà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú síǹkì fọ́mọdé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí ara ń gbóná, ọ̀dọ̀ dókítà yá. Bó bá kọ kápúsù fún yín, ẹ lò ó tán.

Bí ìbànújẹ́ bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí ẹnì kan ń sọ pé ikú yá j'ayé lọ, ẹ má gbé e lọ fún ẹni tí yóò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́, Aro sì wà l'Ábẹ́òkúta. Kí ẹni tó bá sìn ín lọ mú páálí oògùn tó ti ń gbé mì dání, kí dókítà rí i.