Ìtàn Wà ní Ajégúnlẹ̀, Ta Ni Yóò Kọ Ọ́?

Bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọdé nípa ibi ìyanu ilẹ̀ wa, ẹ ó rí Olúmọ, òkè Ìdánrè àti Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Wọ́n yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, èyí kò sì dára tó.

Ẹ wo orúkọ nìkan. "Gúnlẹ̀" ni à ń sọ nígbà tí ọkọ̀ bá dé èbúté. Ajé ló gúnlẹ̀ síbí. Ọmọdé tó dúró ní Boundary, níbi tí àdúgbò méjèèjì ti pààlà, lè béèrè pé: ajé tó gúnlẹ̀ sí Àpápá, ṣé ó kọjá sọ́dọ̀ wa? Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn míì wà lójú omi. Ní 1975, ìjọba ra sìmẹ́ǹtì ju èyí tí èbúté lè gbà lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì tò sójú òkun Èkó, wọn kò ríbi já ẹrù. Ìtàn Ìjàpá wo ló pani lẹ́rìn-ín tó èyí?

Pápá bọ́ọ̀lù kan wà l'Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maracana, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ pápá ńlá ìlú Rio. Samson Siasia, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ló kó àwọn ọmọ wa lọ sí Olympics Rio ní 2016, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ bọ̀.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi ọmọ Ajégúnlẹ̀ níbi tó ń gbé, kì í pẹ́ tí yóò fi dáhùn pé, "Apá Àpápá ni." Ta ni yóò fi ibi tí kò sí nínú ìwé kankan yangàn?

Àwọn kan ní irọ́ ni ìtàn Mami Wata àti Madam Koi-Koi, pé kò yẹ ọmọdé. Èdè wa ti yanjú ìyẹn. A ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn, a sì ń fi "wọ́n ní" ṣáájú ohun tí ojú wa kò tó. Ọmọ tó bá mọ ìlò "wọ́n ní" ti mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Bí àwa bá sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì yóò gbé e: Netflix ti fi Madam Koi-Koi ṣe fíìmù ní 2023.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, Yorùbá, Ìlàjẹ, Ijaw, Ìgbò, Urhobo àti Píjìn ni wọ́n fi ń sọ ìtàn l'Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀ka wo ló tún yẹ kó lọ gbà á sílẹ̀ bí kò ṣe tiwa? Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré fáwọn ọmọ ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ bá wa dá sí owó ìtẹ̀wé.