Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Tó Ń Gba Ìpè Pàjáwìrì Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì mu.

Ní ọdún 1935, ilé kan jóná ní òpópónà Wimpole ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan fi tẹlifóònù ké gbàjarè, ṣùgbọ́n kò tètè rí ẹni dá a lóhùn. Ọ̀ràn náà wà lára ohun tó bí nọ́ńbà 999 ní 1937. Tiwa ní Nàìjíríà ni 112. Ará Èkó tún lè pe 767.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló ń gbani, ẹni tó gbé fóònù ni. Ní abúlé tí ilé kò ní nọ́ńbà, ẹni tí ẹ̀rù ń bà á kàn pariwo pé, "Ẹ gbà wá o!" Àgbà òṣìṣẹ́ á fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ọjà, mọ́ṣáláṣí tàbí igi odán tó wà nítòsí, kó tó fi rédíò darí ọlọ́pàá síbẹ̀. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ìjọba má ṣe máa ṣí wọn nípò kiri. Kí wọ́n fi ọmọṣẹ́ sábẹ́ wọn, kí wọ́n sì san ẹ̀tọ́ wọn lásìkò. Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fọ́mọ yín: ẹni tó ń fi 112 ṣeré ń dínà mọ́ ẹni tó ń kú lọ.