Irúnmalẹ̀ Kì Í Ṣe Iwin

Ìwé ìtàn-àròsọ mẹ́ta ni mo kà nígbà ìsinmi mi ní Ìkún-Àkókó. Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, dùn mọ́ mi dé òpin. Tomi Adeyemi, nínú Children of Blood and Bone (2018), mú òrìṣà dé etí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n “Orïsha” ló sọ orílẹ̀-èdè inú ìtàn rẹ̀. Àmì méjì orí i yẹn kò sí nínú èdè wa.

Ti Fágúnwà ló dùn mí jù. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) ló kọ́ mi ní adùn èdè, n kò ní purọ́. Síbẹ̀, orúkọ àwọn tí Ifá ń júbà fún ló fi pe igbó ẹ̀rù. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà ní 1968, “daemons” ló pè wọ́n. Ọmọdé kan nílé wa bi mí pé: “Bàbá, ṣé irúnmalẹ̀ tí ẹ ń kí láàárọ̀ kì í jẹ èèyàn?” Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa babaláwo ló ti kọ ìtàn-àròsọ kan ṣoṣo? Èmi gan-an kò tíì kọ. Ẹ jẹ́ kí a mú kálàmù bí a ti ń mú ìrọ́kẹ́. Àṣẹ.