Alẹ́ tí Cody Rhodes gba bẹ́líìtì bàbá rẹ̀

Èrò 11,263 ló kún gbọ̀ngàn Sears Centre ní Hoffman Estates, ìlú kan lẹ́bàá Chicago, lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Wrẹ́sílìn ni wọ́n wá wò. WWE kò sí níbẹ̀ rárá, ọwọ́ àwọn oníjàkadì mẹ́ta ni ètò náà sì wà: Cody Rhodes, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Matt àti Nick Jackson tí ayé mọ̀ sí Young Bucks. All In ni wọ́n pe eré ọ̀hún. Ìjà mọ́kànlá ni wọ́n jà lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló borí gbogbo wọn, ìyẹn èyí tí Cody fi gba bẹ́líìtì tí bàbá rẹ̀ ti gbà rí.

Tẹ́tẹ́ ló bí eré yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ẹnì kan béèrè lórí Twitter lọ́wọ́ Dave Meltzer, akọ̀ròyìn wrẹ́sílìn tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ náà, bóyá ẹgbẹ́ wrẹ́sílìn Ring of Honor lè ta tíkẹ́ẹ̀tì 10,000 fún eré kan ṣoṣo. Meltzer ní kò lè ṣẹlẹ̀ nítòsí. Cody rí èsì yìí, ó ní òun ta tẹ́tẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá gbé tíkẹ́ẹ̀tì síta ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi tán.

Meltzer kò ṣàdédé sọ ohun tó sọ. Láti ìgbà tí WWE ti ra WCW, ẹgbẹ́ tó ń bá a díje, ní 2001, ẹni tó bá fẹ́ jà níwájú èrò ńlá ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ Vince McMahon, ọ̀gá WWE nígbà náà, ló ń gbà lọ. Àwọn tó kù ń jà nínú gbọ̀ngàn iléèwé àti ilé ìpàdé kéékèèké, níwájú igba ènìyàn tàbí ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n sì ń ta ẹ̀wù lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó rí owó mọ́tò padà sílé. Láti 1993, kò sí eré wrẹ́sílìn kankan ní Amẹ́ríkà tó ta tíkẹ́ẹ̀tì 10,000 láìjẹ́ pé WWE tàbí WCW ló gbé e kalẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko!

Báwo ni àwọn mẹ́ta yìí ṣe rí i ṣe? Àwọn Young Bucks, ọmọ California, ti fi ọdún púpọ̀ ta ẹ̀wù ara wọn, wọ́n sì ń ṣe fídíò tiwọn tí wọ́n pè ní Being the Elite sórí YouTube láti 2016. Inú fídíò yẹn ni wọ́n ti ń hun ìtàn ìjà wọn, tí àwọn olùwòran ń tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Cody ní tirẹ̀ fi WWE sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Níbẹ̀, wọ́n ti kun ọ̀dà sí i lójú, wọ́n pè é ní Stardust, ó sì ti sú u. Ó jáde, ó kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ bá jà sórí ìwé kan, ó fi han gbogbo ayé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbọ̀ngàn kéékèèké.

Orúkọ Rhodes kì í ṣe orúkọ yẹpẹrẹ nínú iṣẹ́ yìí. Dusty Rhodes, bàbá Cody, jẹ́ ọmọ oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi láti Austin ní Texas. Ó sanra, ó ń sọ̀rọ̀ bí oníwàásù, àwọn mẹ̀kúnnù sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó jọ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba bẹ́líìtì àgbáyé NWA: ọwọ́ Harley Race ló ti kọ́kọ́ gbà á ní 1979, ó sì gbà á gbẹ̀yìn lọ́wọ́ Ric Flair ní 1986. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2015. Kò gba bẹ́líìtì ńlá WWE rí láyé rẹ̀.

NWA fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ wrẹ́sílìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé kí ó tó di pé Billy Corgan, olórin ẹgbẹ́ Smashing Pumpkins, rà á ní 2017. Olùkọ́ iléèwé kan tó ń jẹ́ Tim Storm ló di bẹ́líìtì náà mú nígbà náà. Nick Aldis, ọmọ King's Lynn ní England, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó sì ń gbé e káàkiri títí ó fi débi tí Cody ti ń dúró dè é.

Bí wọ́n ṣe wọlé nìkan tó ohun tí ènìyàn ń sanwó wò. Aldis kó àwọn tirẹ̀ lẹ́yìn, Tim Storm wà lára wọn. Cody bọ́ síta pẹ̀lú Brandi ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbà oníjàkadì Diamond Dallas Page, Tommy Dreamer àti Glacier, àti ajá rẹ̀ Pharaoh. Ojú ìwọlé afẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ariwo èrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Earl Hebner, àgbà rẹfirí, ló wà láàárín wọn.

Ìjà náà kò yára. Àwọn méjèèjì kò fò bí ẹyẹ bí àwọn tó kù ṣe ń fò lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n fà, wọ́n tì, wọ́n jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó dun èrò. Daivari, ọ̀kan lára àwọn ènìyàn Aldis, gbìyànjú láti dá sí i, Page sì gbé e ṣánlẹ̀. Iwájú orí Cody bẹ́, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Nígbà tí Aldis gun orí okùn láti fi ìgbọ̀nwọ́ gún un mọ́lẹ̀, Brandi sáré wọlé, ó fi ara rẹ̀ bo ọkọ rẹ̀, ara Brandi ni ìgbọ̀nwọ́ Aldis sì balẹ̀ sí. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yéè. Níkẹyìn Aldis fẹ́ yí Cody lulẹ̀, Cody jókòó lé e mọ́lẹ̀, rẹfirí ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó parí. Cody sunkún lójú gbogbo ènìyàn, àwọn olùwòran náà ń sunkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá NWA sílẹ̀, kò sí bàbá àti ọmọ tó ti gba bẹ́líìtì yẹn rí àfi àwọn méjì yìí.

Àwọn kan yóò ní irọ́ ni wrẹ́sílìn. Lóòótọ́, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó wọ inú okùn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ àwọn òṣèré Hubert Ògúndé ní ohun tí wọn yóò sọ? Àwọn tó wò ó ṣì sunkún. Ògúndé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kó eré rẹ̀ lọ bá èrò láti ìlú dé ìlú. Ohun tí Cody àti àwọn Young Bucks ṣe nìyẹn. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ ìtàn tó yẹ kí ó sọ. Iléeṣẹ́ tó kun ọ̀dà sí Cody lójú kò lè ronú kan ìjà yìí láéláé.

Àwọn ìjà tó kù náà ní iyọ̀ tiwọn. Adam Page àti Joey Janela lo àkàsọ̀ àti tábìlì débi tó ń dẹ́rù bani. Stephen Amell, òṣèré tẹlifíṣàn tí kì í ṣe oníjàkadì, bá Christopher Daniels jà, ẹni tó ti wà nínú iṣẹ́ náà láti 1993. Daniels borí, ṣùgbọ́n Amell kò dójú ti ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí Kenny Omega dá Pentagón Jr., iná kú. Nígbà tí ó tàn padà, ẹni tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú Pentagón bẹ̀rẹ̀ sí í na Omega, ó ṣí ìbòjú, àgbà oníjàkadì Chris Jericho ni!

Àléébù wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ìjà obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì kó obìnrin mẹ́rin, Tessa Blanchard, Britt Baker, Chelsea Green àti Madison Rayne, papọ̀ sínú rẹ̀. Fún eré tó fẹ́ fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà, ìyẹn kéré jù. Èkejì ni àkókò. Kazuchika Okada, ọmọ Japan, àti Marty Scurll lo bíi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìjà náà dùn gan-an, àmọ́ ó jẹ àkókò èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Rey Mysterio, Rey Fénix àti Bandido fi máa kojú Kota Ibushi àti àwọn Young Bucks, ìṣẹ́jú bíi méjìlá ló ṣẹ́ kù kí àkókò orí afẹ́fẹ́ tán. Wọ́n sáré jà á bí ẹni tí òjò ń lé. Ènìyàn mẹ́fà tó mọ̀ ọ́n fò báyẹn tọ́ sí ìlọ́po méjì rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ dára: ọ̀nà ìgbéniṣánlẹ̀ tí àwọn Young Bucks fi dá Bandido ni wọ́n ń pè ní Meltzer Driver, orúkọ akọ̀ròyìn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì kò lè tà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Aldis gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà ní Nashville ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, oṣù méjì kò pé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2019, Cody àti àwọn Young Bucks kéde ẹgbẹ́ tuntun, AEW, pẹ̀lú owó Tony Khan, ọmọ ẹni tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Fulham. Nígbà tí AEW gbé All In lọ sí Wembley ní London ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, tíkẹ́ẹ̀tì 81,035 ni wọ́n kéde pé àwọn tà. Cody kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti padà sí WWE ní 2022, lórúkọ ara rẹ̀, láìkun ọ̀dà, ó sì dá Roman Reigns ní Philadelphia ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2024 láti gba bẹ́líìtì tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá ló mọ John Cena àti The Undertaker, tí wọn kò sì mọ̀ pé wrẹ́sílìn wà lẹ́yìn WWE. Ẹ wá ìjà Cody àti Aldis wò. Ẹ má ṣe fo ìwọlé wọn, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.